Oníbodè Inú Àpótí Gíláàsì

Inú àpótí gíláàsì kan ni wọ́n ní kí n jókòó sí, kí n máa na ọwọ́ síta. Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ rí ṣe ní Áyálándì nìyẹn. Bí mọ́tò bá dé, màá na ọwọ́, ẹni tó ń wà á á fi owó lé e, màá tẹ bọ́tìnì, igi tó dábùú ọ̀nà á gbéra, mọ́tò á lọ. Òmíràn á dé. Bẹ́ẹ̀ ni, láti aago méje àárọ̀ títí di aago mẹ́ta ọ̀sán, nínú òjò ìlú náà tí kì í rọ̀ bí òjò gidi, tí kì í sì í dá.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe tíṣà ní Ìlárá Rẹ́mọ kí n tó kúrò nílé. Bí mo bá wọ kíláàsì, àwọn ọmọ á dìde, wọ́n á kí mi ní ohùn kan. Ní ọjọ́ kejì iṣẹ́ ibodè yìí, apá ọ̀tún kóòtù mi tutù dé ìgúnpá, apá òsì gbẹ táútáú. Mo wo ara mi nínú gíláàsì, mo ní, “Tíṣà, ṣé báárà lo wá tọrọ níbí ni?”

Ọ̀gá mi ń jẹ́ Mọ́ríìn. Obìnrin kúkúrú kan ni, ó máa ń rìn bí ẹni tí ọbẹ̀ rẹ̀ ń jóná lórí iná. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́. Ó ní kí n gba owó, kí n fún wọn ní ṣéńjì, kí n ní “Ẹ ṣeun,” ó parí. Kò sọ fún mi pé àwọn ènìyàn á máa bá mi sọ̀rọ̀.

Ọkùnrin àkọ́kọ́ tó dúró lọ́dọ̀ mi ní, “Báwo ni?”

Inú mi dùn! Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yẹn, kò sẹ́ni tó tíì bi mí pé báwo ni. Mo ní mo dúpẹ́, ara le, pé yàrá mi ló kàn tutù díẹ̀, pé onílé ní ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná ti bàjẹ́ ṣùgbọ́n wọn yóò tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo wá bi òun náà léèrè ìyàwó àti àwọn ọmọ. Ọkùnrin náà wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo èmi, ó ní, “Ìyàwó mi ti kó kúrò nílé.” Mo ní, “Háà! Kí ló dé?” Ibẹ̀ ni àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè ọkọ̀.

Nígbà tí mo lọ sinmi, Mọ́ríìn pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

“Wò ó, ‘Báwo ni’ kì í ṣe ìbéèrè níbí.”

“Kí wá ni?”

“Ìkíni lásán ni. Tí wọ́n bá ní ‘Báwo ni,’ kí ìwọ náà ní ‘Báwo ni.’”

“Ta ló wá máa dáhùn?”

“Kò sẹ́ni.”

Mo ro ọ̀rọ̀ yìí títí mo fi délé. Ìbéèrè méjì pàdé lójú ọ̀nà, wọ́n kọjá lára wọn, kò sí ìdáhùn kan láàárín wọn. Ní Rẹ́mọ tí mo ti wá, bí o bá kí ènìyàn lójú títì, o lè pẹ́ débi iṣẹ́.

Ìyá mi ń ta obì gbànja ní Makun, ní Ṣàgámù. Lọ́jọ́ Àìkú ni mo máa ń pè é, lẹ́yìn tó bá kírun ọ̀sán tán. Nígbà tí mo fẹ́ sọ iṣẹ́ tí mo rí fún un, mi ò mọ orúkọ tí mo lè pè é tí kò ní ba inú rẹ̀ jẹ́.

“Màámi, owó ibodè ni mò ń gbà.”

“Ibodè wo?”

“Ti ojú ọ̀nà márosẹ̀. Mọ́tò kankan ò lè kọjá láìjẹ́ pé ó sanwó lọ́wọ́ mi.”

“Mọ́tò kankan?”

“Mọ́tò kankan, Màámi.”

“Tòyìnbó náà?”

“Òyìnbó ló pọ̀ jù nínú wọn.”

“Àlùhámúdùlílà!” Ó pariwo débi pé mo gbé fóònù kúrò létí. “Wọ́n ti fi ọmọ mi joyè oníbodè!”

Mo fẹ́ sọ pé kì í ṣe oyè. Mo fẹ́ sọ fún un nípa apá kóòtù tó tutù. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ìdùnnú báyẹn lẹ́nu rẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbogbo ìsọ̀ obì tó wà ní Makun ti gbọ́ pé èmi ni mo dúró sẹ́nu ọ̀nà òyìnbó, pé ẹni tó bá wù mí ni mò ń jẹ́ kó wọlé.

Ó yẹ kí n sọ bí ìyá mi ṣe ń san owó ọ̀nà nílé. Nígbà tí tóògéètì ṣì wà lójú ọ̀nà Èkó, iwájú mọ́tò tó kó obì ló máa ń jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, nítorí ọ̀rọ̀ owó yẹn gan-an ni. Bí agbowó bá ní iye tó jẹ́, ìyá mi á fa ara rẹ̀ síta lójú wíńdò. “Ọmọ mi, o ò rí i pé mọ́tò yìí ò kún? Obì lásán ló wà nínú ẹ̀. Obì ò wúwo.” Agbowó á ní mọ́tò ni òun ń gba owó rẹ̀, kì í ṣe ẹrù. Ìyá mi á béèrè orúkọ rẹ̀, á béèrè ilé baba rẹ̀, á rí i dájú pé òun mọ ẹnìkan níbẹ̀. Á wá tú ewé, á mú obì méjì tó mọ́ dáadáa fún un. “Gba èyí, fi panu.” Lónìí tí kò sí tóògéètì mọ́, àwọn kan ṣì ń na igi sójú ọ̀nà káàkiri pé kí ọlọ́kọ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bákan náà ló ń ṣe fún wọn. Mi ò rò pé ìyá mi tíì san owó ọ̀nà kan pé rí láyé rẹ̀.

Ìdí nìyí tí kò fi yé e.

“Tí wọ́n bá ní kí o dín in ńkọ́?”

“Wọn kì í sọ bẹ́ẹ̀, Màámi. Iye tó jẹ́ wà lára pátákó.”

“Pátákó! Ṣé pátákó ló ń gbowó ni?”

Mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n tí mo bá pa fóònù tán, ilé á dákẹ́ lọ́nà kan tí mi ò lè ṣàlàyé. Àwa mẹ́rin la jọ ń gbé ilé náà, olúkúlùkù pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ àti ìkòkò tirẹ̀. Níbi iṣẹ́, ojú tí mò ń rí láàárín wákàtí kan pọ̀ ju èyí tí mo máa ń rí ní Ìlárá láàárín oṣù kan lọ. Síbẹ̀, mi ò mọ ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ ni mo mọ̀. Mo mọ ọwọ́ obìnrin kan tó máa ń kun èékánná rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Mo mọ ọwọ́ kan tó máa ń ní símẹ́ǹtì, tí owó rẹ̀ máa ń gbóná nítorí pé ó ti dì í mú láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn náà, ọwọ́ ni wọ́n mọ̀ mí sí. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń bọ̀ wá sí ibi tí mo wà. Ibòmíràn ni gbogbo wọn ń lọ. Ní Ṣàgámù, ọmọ ìyá olóbì ni mí; bí mo bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé wa, ẹni tó ń kọjá á yà. Níbí, iṣẹ́ mi gan-an ni pé kí wọ́n má yà.

Àmọ́ mo ń kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Mo rí i pé bí mo bá ní, “Òjò yìí mà ga o,” ẹnikẹ́ni tó wù kó jẹ́ á rẹ́rìn-ín, á sì ní, “Ó mà ga lóòótọ́.” Ìdáhùn nìyẹn! Àwọn tó kọ̀ láti sọ bí ara wọn ṣe rí ń sọ bí òjò wọn ṣe rí. Láti ọjọ́ náà ni èmi náà ti ń gbé ọ̀rọ̀ òjò jáde láràárọ̀ bí ẹní gbé ọjà kalẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹrin, Mọ́ríìn ní kò sẹ́ni tí ìlà ọkọ̀ rẹ̀ ń yára lọ bíi tèmi. Ó kù oṣù méjì kí wọ́n pinnu bóyá wọn yóò gbà mí síṣẹ́ pátápátá.

Àkókò yẹn ni ìyá mi fóònù, kì í sì í ṣe ọjọ́ Àìkú.

“Àlàájì ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín.”

“Àlàájì wo?”

“Àlàájì mélòó la ní? Àlàájì Ràímì ni.”

Mo jókòó. Àlàájì Ràímì ni àgbà gbogbo àwọn tó ń ra obì ní Makun. Òun ló ń ra obì lọ́wọ́ ìyá mi láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré. Bí ó bá ra agbọ̀n mẹ́wàá, á jókòó, á mu omi, á yọ iye kan kúrò nínú owó náà, á ní kí Ọlọ́hun bù sí i. Kò sẹ́ni tó gba owó obì lọ́wọ́ Àlàájì tó pé rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá mi kú, òun náà ló dúró tì wá, òun ló bá àwọn tó fẹ́ gba ìsọ̀ lọ́wọ́ ìyá mi jà. Sìdí ọmọ rẹ̀ ń gbé ní ìlú kan tí kò jìnnà sí mi, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń bọ̀ wá kí.

“Mo ti sọ fún un,” ni ìyá mi wí, “pé tó bá dé ẹnu ibodè rẹ, kó dárúkọ mi. O máa ṣí i fún un.”

“Màámi, mi ò lè ṣí i.”

“Báwo lo ò ṣe lè ṣí i? Ṣé ìwọ kọ́ ni oníbodè ni?”

“Ó gbọ́dọ̀ sanwó ni.”

“Àlàájì? Kó sanwó lọ́wọ́ ọmọ mi? Gbogbo ọjà ló wà níbẹ̀ nígbà tí mo sọ ọ́ o! Má dójú tì mí.” Ó pa fóònù.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n lé ọkùnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, nítorí ó tẹ bọ́tìnì fún àbúrò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kámẹ́rà rí i. Ẹ lè ní kí n san owó náà fún Àlàájì láti inú àpò mi. Èmi náà rò ó. Ṣùgbọ́n a ò gbọdọ̀ mú owó tiwa wọ inú àpótí, ì báà ṣe owó búrẹ́dì. Ẹnu ọ̀nà la ti ń kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo gbàdúrà pé kí Àlàájì bá ọ̀nà míì lọ. Mo gbàdúrà pé kó kọjá lọ́jọ́ ìsinmi mi.

Ọjọ́rú kan nínú oṣù karùn-ún ló dé, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀. Mo na ọwọ́ síta bí mo ṣe ń ṣe, mo rí Sìdí nídìí ọkọ̀, ojú rẹ̀ ti rẹ̀ bí ẹni tó ti ń wakọ̀ láti àná.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́,” ni ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, owó sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, “ẹ tètè gbà á.”

“Fi owó rẹ sápò!” Ohùn kan jáde láti ẹ̀yìn ọkọ̀. “Ṣé òun nìyẹn?”

“Àwọn ni, Bàbá.”

“Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí a ń kọjá níbí láàárọ̀ yìí,” ni Sìdí sọ fún mi. “Àpótí tó wà lápá ibẹ̀ yẹn la kọ́kọ́ bọ́ sí, a sanwó. Bàbá ní ojú yín kọ́ nìyẹn. A lọ yí padà níwájú, a sanwó láti padà wá. Ẹ̀ẹ̀mejì la ti sanwó, Àǹtí, kí wọ́n lè kọjá lọ́fẹ̀ẹ́.”

Kí n tó fèsì, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ti ṣí. Àlàájì bọ́ sílẹ̀ nínú òjò pẹ̀lú agbádá funfun àti fìlà, kò sí ohun tó kàn án pẹ̀lú mọ́tò mẹ́sàn-án tó wà lẹ́yìn. Ó fi Rẹ́mọ ògidì kí mi, irú èyí tí mi ò tíì gbọ́ láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé. Ara mi kò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ mi. Kí n tó mọ̀, eékún mi ti kanlẹ̀.

Àpótí yẹn ga, wíńdò rẹ̀ náà ga. Bí mo ṣe kúnlẹ̀, mo pòórá.

“Ibo ló lọ?” ni Àlàájì ń béèrè. “Sìdí, ibo ló lọ?”

“Mo wà níbí, Àlàájì! Mò ń kí yín ni!”

“Dìde kí n rí ọ!”

Nínú ọ́fíìsì, Mọ́ríìn ń wo kámẹ́rà. Ohun tó rí ni ọkùnrin gàgàrà kan tó wọ aṣọ funfun, tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, tó na ọwọ́ sí àpótí mi, tí èmi sì ṣubú lulẹ̀. Mo ṣì ń dìde lọ́wọ́ nígbà tí mo rí i tó ń sáré bọ̀, ó gbé àpótí oògùn dání.

“Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé ó gbá ọ ni?”

“Rárá, ọ̀gá. Mo kí i ni.”

Mọ́ríìn wo Àlàájì. Àlàájì wo Mọ́ríìn, ó tẹrí ba díẹ̀ fún un, ó wá yíjú sí mi. “Ọmọ mi, ìyá rẹ ní kí n dárúkọ òun. Mo ti dárúkọ rẹ̀. Ṣí i.”

Mo ń wo fìlà rẹ̀ tí òjò ń rọ̀ sí, mo rántí ọjọ́ tí ó dúró ní ìsọ̀ ìyá mi tó ń bá àwọn ènìyàn jà nítorí tiwa.

“Àlàájì, ẹ forí jì mí. Ẹ máa sanwó.”

Sìdí bo ojú rẹ̀. Àlàájì wá fi ìgúnpá lé wíńdò mi gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń fi í lé agbọ̀n obì.

“Èló ni?”

Mo sọ iye rẹ̀.

“Èló ni jálẹ̀?”

“Iye kan náà ni, Àlàájì.”

“Mo ti rà á lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí. Oníbàárà yín ni mí. Ẹ ò ní èènì ni?”

“Kí ló ń sọ?” ni Mọ́ríìn béèrè.

Mo ṣàlàyé pé ó ní bí ènìyàn bá ra ọjà púpọ̀, ó yẹ kí ọlọ́jà fi díẹ̀ kún un lọ́fẹ̀ẹ́. Mọ́ríìn ronú sí i, mo rí i pé ó ronú sí i gidigidi. Ó ní, “Sọ fún un pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n wá, ṣùgbọ́n kò sí lára pátákó.”

“Àlàájì, wọ́n ní kò sí lára pátákó.”

“Tí mo bá ní dandan kí o ṣí i?”

“Wọ́n á lé mi lẹ́nu iṣẹ́, Àlàájì. Lónìí yìí.”

Ó gbọ́ ìyẹn. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó wo inú àpótí mi, ó wo àga, ó wo fúláàsì tíì mi, ó wo apá kóòtù mi tó tutù. Ó ki ọwọ́ sábẹ́ agbádá, ó mú owó jáde, ó kà á lé mi lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pé. Kò yọ nǹkankan.

“Kì í ṣe nítorí igi yìí nìkan ni ìyá rẹ ṣe rán mi,” ni ó wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. “Ó ní àwòrán inú fóònù kì í jẹ́ kí òun mọ̀ bóyá o ti rù. Ó ní kí n wò ọ́ dáadáa.”

Ó wò mí. Mo dúró kó wò mí. Gbogbo ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn ń fọn fèrè, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ wọn mọ́. Láti oṣù márùn-ún, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí kì í ṣe pé ó ń kọjá. Ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀ látìgbà tó ti kúrò ní Ṣàgámù.

“O ti rù díẹ̀,” ni ó wí. “Màá sọ pé o ò rù.”

Mo tẹ bọ́tìnì. Igi gbéra. Àlàájì kò wọ ọkọ̀ mọ́. Ó kó agbádá rẹ̀ sí èjìká, ó fi ẹsẹ̀ rìn kọjá lábẹ́ igi náà, ó ń juwọ́ sí àwọn tó wà lórí ìlà gbogbo. Sìdí rọra ń wakọ̀ tẹ̀ lé e.

“Ọba ni?” ni Mọ́ríìn béèrè.

“Olóbì ni,” ni mo wí.

Mọ́ríìn gbé àpótí oògùn rẹ̀ padà sí ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ẹtì ó fún mi ní ìwé pé iṣẹ́ ti di tèmi pátápátá, oṣù kan ṣáájú àkókò. Ó ní òun wo kámẹ́rà náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ní bí ọkùnrin yẹn ò bá lè mú mi ṣí igi, kò sí ẹni tó lè mú mi ṣí i mọ́.

Mi ò lè pe ìyá mi títí di ọjọ́ Àìkú. Ẹ̀rù bà mí. Nígbà tó gbé e, mo gbọ́ ariwo ìsọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

“Àlàájì ti fóònù,” ni ó wí. “Ó ní o ò rù rárá. Ó ní bí òun ṣe dárúkọ mi báyìí, igi gbéra.”

Mo lè dákẹ́. Mo fẹ́ dákẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń jẹ́ kí ìyá mi gbọ́ ohun tó dára ju ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ.

“Màámi, Àlàájì sanwó.”

Ó ní kí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dẹ́kun ariwo.

“Mo gbowó lọ́wọ́ wọn, Màámi. Ẹ má bínú.”

“Àlàájì Ràímì?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ó san án pé?”

“Ó pé.”

“Kò ní kí o dín in?”

“Wọ́n ní kí n dín in. Wọ́n tún béèrè èènì. Mi ò gbà.”

Ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn èyí, mo kọ́kọ́ rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ẹnìkan sì ń sọ fún un pé kó mu omi. “Ọgbọ̀n ọdún!” ni ó ń sọ láàárín ẹ̀rín. “Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń tajà fún ọkùnrin yìí!” Ó gbé fóònù kúrò lẹ́nu, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń ké sí gbogbo ìsọ̀ Makun:

“Ẹ̀yin ènìyàn, ẹ gbọ́ o! Ẹnikẹ́ni tó bá ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ mi, kó mú owó dání!”